Ẹ Bi Olùkọ́ Eré Ìdárayá: Kí Ni Oṣù Márùn-ún Wà Fún?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Èmi àti ọmọkùnrin mi jọ máa ń wo bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà lórí fóònù. Ẹgbẹ́ tó fẹ́ràn ń na àwọn èèyàn láti oṣù Kọkànlá. Nígbà tó di oṣù Kẹta, wọ́n nà wọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó parí. Ọmọ náà sunkún. Kí wá ni gbogbo èyí tí wọ́n ti ń gbá bọ̀ wà fún? (Bàbá ọmọ kan, Ìbarà)

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, bàbá. Ẹ bá mi kí ọmọ náà.

Gbígbá tí wọ́n ń gbá láti oṣù Kọkànlá, ọ̀nà àbáwọlé ni wọ́n ń fi wá. Ní 2025, líìgì 31 ni àwọn yunifásítì náà pín sí. Líìgì kọ̀ọ̀kan máa ń ṣe ìdíje tirẹ̀ ní oṣù Kẹta, ẹni tó bá gbà á ti wọlé sí ìdíje ńlá NCAA (àjọ tó ń darí eré ìdárayá àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà) nìyẹn, iye yòówù kó ti pàdánù. Àwọn yòókù, tí wọ́n jẹ́ 37 ní 2025, ìgbìmọ̀ ló ń yàn wọ́n: ta lẹ nà, níbo lẹ ti nà án, ta ló nà yín? Wọ́n á wá tò wọ́n láti ipò 1 dé 16 ní ẹkùn mẹ́rin, kí ẹni tó ṣe dáadáa lè kọ́kọ́ pàdé ẹni tí agbára rẹ̀ kéré. Àǹfààní tó wà níbẹ̀ kò ju ìyẹn lọ. Tí wọ́n bá ti ju bọ́ọ̀lù sókè, ẹni tí wọ́n bá nà ń lọ sílé ni. Ní 2018, Virginia tó wà ní ipò 1 jìyà 74 sí 54 lọ́wọ́ UMBC tó wà ní ipò 16. Ọdún tó tẹ̀ lé e, Virginia yìí kan náà ló gba ife. Ẹ sọ ìyẹn fún ọmọ yín.

Èmi ò gbà pé ìrẹ́jẹ ni. Ẹ wo ti Hakeem Olajuwon, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Èkó, tó jẹ́ pé bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá ló ń gbá tẹ́lẹ̀. Ní 1983, ẹgbẹ́ rẹ̀, Houston, dé àṣekágbá ní Albuquerque. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n ti nà wọ́n látìbẹ̀rẹ̀ sáà. North Carolina State tó kojú wọn ti pàdánù nígbà mẹ́wàá. Ká ní wọn ò gba ife líìgì wọn ni, bóyá ni wọn ì bá wọlé. Hakeem ju àmì 20 sáwọ̀n, ó gba bọ́ọ̀lù 18 tó ta padà. Ṣùgbọ́n kóòṣì North Carolina State ti rí ibi tí Houston kù sí: ìjù ọ̀fẹ́, èyí tí ẹni tí wọ́n bá ṣẹ̀ máa ń dúró lórí ìlà jù. Ó ní kí àwọn ọmọ rẹ̀ máa mọ̀ọ́mọ̀ ṣẹ̀ wọ́n, kí Houston máa lọ dúró lórí ìlà. Wọ́n dúró, wọ́n jù ú, kò wọlé. Ó di 52 sí 52. Ọmọ North Carolina State kan ju bọ́ọ̀lù láti ọ̀nà jíjìn, kò dé àwọ̀n. Lorenzo Charles, ọmọ North Carolina State, hán an lófuurufú, ó sì fọwọ́ ki bọ́ọ̀lù bọ inú àwọ̀n. 54 sí 52. Hakeem ni wọ́n fún ní àmì ẹ̀yẹ ẹni tó gbá a jù, ṣùgbọ́n ife ti lọ.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń le mọ́ àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní Kútọ̀. Gbogbo wọn ló fẹ́ fò sókè ki bọ́ọ̀lù bọ inú àwọ̀n, kí àwọn ọmọbìnrin pariwo. Orí ìlà ni mo máa ń kó wọn lọ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sáré títí, tí ẹsẹ̀ wọn ń gbọ̀n. Ẹsẹ̀ bàtà 15 péré ni, kò sẹ́ni tó dí ẹ lọ́nà. Oṣù márùn-ún lè bo irú àléébù bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ kan ló máa tú u síta.

Houston ò tíì gba ife yẹn di bí mo ṣe ń wí yìí. Ní 2025 wọ́n tún dé àṣekágbá, wọ́n fi àmì 12 ṣíwájú Florida, Florida lé wọn bá, ó di 65 sí 63. Nígbà tí àáyá tó kù ò tó nǹkan mọ́, Houston ò tilẹ̀ rí bọ́ọ̀lù náà jù. Rueben Chinyelu, ọmọ Nàìjíríà, wà nínú àwọn tó gbá a fún Florida. Ó ku díẹ̀ kí aago méjì òru lù níbí nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, mi ò sì fojú kan oorun.

Ìbéèrè: Ọmọ mi ga gan-an, SS2 ló wà. Ọkùnrin kan ní kí n mówó wá kóun bá a wá yunifásítì ní Amẹ́ríkà. Ṣé kí n san án? (Ìyá ọmọ, Lafẹ́nwá)

Ìdáhùn: Rárá, mà. Yunifásítì tó bá fẹ́ ọmọ kí ó wá gbá bọ́ọ̀lù fún òun ló sábà máa ń san owó ilé ẹ̀kọ́, ilé gbígbé, oúnjẹ àti ìwé fún un. Wọ́n á béèrè èsì WAEC rẹ̀ kí wọ́n tó jẹ́ kó gbá a, gíga nìkan ò tó. Owó tí ẹ fẹ́ fún ọkùnrin yẹn, ẹ fi sanwó ẹ̀kọ́ ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì fún un, kẹ́ ẹ sì ní kó wá bá mi ní Kútọ̀ ní àárọ̀ Sátidé. Kò sówó níbẹ̀.