Bí yìnyín orí òkun bá yọ́, ṣé omi òkun á kún sí i?

Rárá, yìnyín tó ń léfòó lórí òkun kì í fi bẹ́ẹ̀ mú un kún. Èyí tó wà lórí ilẹ̀ ló yẹ ká máa bẹ̀rù.

Ẹ dán an wò nílé: ẹ kó yìnyín sínú ife, ẹ wá bu omi sí i títí yóò fi dé etí ife. Bó bá yọ́ tán, omi ò ní ṣàn dànù. Bí omi bá dì, ńṣe ló máa ń fẹ̀ ní nǹkan bí ìdá 9 nínú 100 (ohun tó ń fọ́ ìgò omi nínú fírísà nìyẹn), ìyẹn ló jẹ́ kó fúyẹ́ ju omi lọ. Ìwọ̀n omi tí yìnyín tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà tó ń léfòó náà ló máa ń dà bó bá yọ́.

Yìnyín Greenland (erékùṣù ńlá kan ní àríwá ayé) àti ti Antarctica (ilẹ̀ ńlá tó wà ní ìpẹ̀kun gúúsù ayé) yàtọ̀, torí orí ilẹ̀ ni wọ́n wà. Bí ti Greenland nìkan bá yọ́ pátá, á gbé òkun sókè ní nǹkan bíi mítà 7. Ti Antarctica á lé ní mítà 50. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọdún kan tàbí méjì o, ṣùgbọ́n méjèèjì ti ń dín kù báyìí.

Ẹ má sì fojú kékeré wo ti orí òkun. Funfun rẹ̀ ló ń dá ọ̀pọ̀ ìtànṣán oòrùn padà sójú ọ̀run. Tó bá ti yọ́, omi dúdú abẹ́ rẹ̀ á máa fa ooru yẹn mu, òkun á tún gbóná sí i, omi tó bá sì gbóná máa ń fẹ̀.