Ẹ yé wá Polaris kiri l'Abẹ́òkúta

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àbọ̀ sídìí tẹlisíkóòpù. Ẹ ní ọ̀sẹ̀ méjì rèé tí ẹ ti ń wá Polaris, ìràwọ̀ àríwá tí a fi ń to tẹlisíkóòpù, nínú polar scope, awò kékeré tí a fi ń wá a, ní Ìbàrà, ẹ ò rí i. Mount yín, ohun tó gbé tẹlisíkóòpù tó sì ń yí i tẹ̀lé ìràwọ̀, ò jẹ̀bi. Dìgírì 7 péré ni Polaris fi ga níbí. Ògiri aládùúgbò, igi máńgòrò àti ọyẹ́ ló bò ó.

Èmi náà fi tẹlisíkóòpù sílẹ̀ fún ọdún 11 kí n tó padà, ojú mi sì rí màbo. Mo rí ìmọ́lẹ̀ kan lápá àríwá tí kì í kúrò lójú kan, mo ní ọwọ́ mi ti bà á. Òru mẹ́ta ni mo fi to mount sí i. Lóru kẹrin, iná lọ, ìràwọ̀ mi náà kú. Àṣé gílóòbù orí ilé kan lókè ni! Nígbà tí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, Polaris mi tún yọ. Mi ò tíì sọ fún ìyàwó mi.

Ọ̀sán ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀ báyìí. Mo so nọ́ọ̀tì rọ̀ sórí okùn, mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí òjìji okùn náà lórí sìmẹ́ńtì lọ́sàn-án gangan. Ìlà náà ló ń tọ́ka sí àríwá, òun ni mo ń to mount sí. Kì í ṣe aago 12 o! Aago Nàìjíríà ń tẹ̀lé ìlà dìgírì 15 lórí máàpù ayé, ìlà 3 lé díẹ̀ la sì wà, ni oòrùn fi ń pẹ́ tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 46. Ó ń yí díẹ̀ lójoojúmọ́. Fóònù yín á sọ ọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin àti oṣù kẹsàn-án, ẹ má ṣèyọnu, àtàrí wa gan-an ni oòrùn máa ń wà, òjìji ò ní sí. Kọ́ḿpáàsì ńkọ́? Irin mount ń fà á.

Bí mount yín ò bá lè sọ̀ kalẹ̀ tó dìgírì 7, bíi tèmi, ẹ dín ẹsẹ̀ tó kọjú sí àríwá kù, kí ẹ gbé àpò iyanrìn lé àwọn tó kù. Tèmi ti fẹ́ ṣubú rí.

Tí ilẹ̀ bá ṣú, ẹ mú Mintaka, ọ̀kan nínú ìràwọ̀ mẹ́ta tó tò nínú àkójọ ìràwọ̀ Orion, nígbà tó bá dé òkè orí. Ẹ wò ó fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Tó bá ń sún sí gúúsù, mount ti kọjú sí ìlà-oòrùn jù; tó bá ń sún sí àríwá, ìwọ̀-oòrùn ló yà sí. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ìràwọ̀ mìíràn tó wà nísàlẹ̀ ní ìlà-oòrùn: tó bá sún sí gúúsù, ẹ gbé mount sókè, tó bá sún sí àríwá, ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Bí ẹ ò bá mọ gúúsù nínú gíláàsì, ẹ ti túùbù sí àríwá díẹ̀. Ibi tí ìràwọ̀ bá sá sí ni.

Tí ó bá ti dúró, ẹ fi ọ̀dà sàmì sí ojú ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn ọmọ ilé wa ti sọ tèmi di ojú súwe.