Wísíkì tó ń rùn bí Izal: ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Àbúrò mi tó wà ní London fi wísíkì Ardbeg ọlọ́dún mẹ́wàá ránṣẹ́ sí mi fún ọjọ́ ìbí mi. Bí mo ṣe ṣí i báyìí, òórùn Izal gba gbogbo pálọ̀. Mo tọ́ ọ wò, èéfín ni ṣáá. Ṣé kì í ṣe pé ó ti bàjẹ́? Àbí kí n kúkú fi Coke lú u?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dà á nù. Kò sóhun tó ṣe ọtí yín. Iná tí wọ́n fi mú ọkà rẹ̀ gbẹ ló fún un ní òórùn yẹn, bí wọ́n sì ṣe fẹ́ ẹ gan-an nìyẹn.

Islay, erékùṣù kan ní ìwọ̀ oòrùn Scotland, ni wọ́n ti ń ṣe Ardbeg láti 1815. Laphroaig àti Lagavulin, àwọn ilé iṣẹ́ wísíkì míì, wà létí òkun kan náà, wọn ò jìnnà síra. Ọkà báálì ni wọ́n ń lò. Wọ́n á rẹ ẹ́ sómi títí yóò fi hù, wọ́n á wá mú un gbẹ kó má baà hù kọjá bó ṣe yẹ. Igi ò pọ̀ níbẹ̀, peat ló pọ̀: koríko àti ewéko inú irà tó ti ń jẹrà díẹ̀díẹ̀ láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Wọ́n á gé e ní bíríkì-bíríkì, wọ́n á sá a, wọ́n á fi dáná. Èéfín rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ ara ọkà nígbà tó ṣì tutù, àwọn èròjà tí wọ́n ń pè ní phenol á sì bá a wọlé. Ọ̀kan nínú wọn, guaiacol, wà nínú òórùn ẹja yíyan tó máa ń mú wa dá itọ́ mì. Òmíràn, cresol, ti pẹ́ nínú oògùn apakòkòrò tí wọ́n fi ń nu ilé ìwòsàn. Imú yín ò purọ́ rárá.

Ẹ óò gbọ́ táwọn èèyàn ń ka nọ́ńbà ppm (iye phenol tó wà nínú ìdá mílíọ̀nù kan), pé ti Ardbeg lé ní 50, pé ti Lagavulin tó nǹkan bí 35. Inú ọkà ni wọ́n ti ń wọn ìyẹn, kí wọ́n tó sè é. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ń lọ lójú iná, àgbá igi tún ń dín in kù bí ọdún ti ń gorí ọdún. Èmi kì í tìtorí nọ́ńbà ra ọtí. Ohun tó wà lẹ́yìn èéfín ni mo máa ń wá, ti Ardbeg sì pọ̀ dáadáa: ọsàn wẹ́wẹ́, iyọ̀ díẹ̀, ata iyèré, àti fanila láti ara àgbá tí wọ́n ti fi tọ́jú bourbon, wísíkì ilẹ̀ Amẹ́ríkà, rí.

Ẹ bù ú díẹ̀ sínú ife tí ẹnu rẹ̀ há. Ẹ má ti imú bọ̀ ọ́, ọtí tó le tó 46% á ta yín nímú. Ẹ gbé e sún mọ́ àgbọ̀n, ẹ ya ẹnu díẹ̀, ẹ rọra mí. Kí ẹ wá kán omi tí kò tutù sí i, ìkán mẹ́ta sí mẹ́rin. Òórùn Izal yẹn á sún sẹ́yìn, ọsàn á yọjú. Bó bá rú díẹ̀, ẹ má fòyà: wọn kì í fi òtútù sẹ́ ọ̀rá inú rẹ̀ kúrò kí wọ́n tó rọ ọ́ sígò.

Ẹ̀yin lẹ ni ìgò yín, ẹ lè fi Coke lú u, àmọ́ ṣúgà á bo ọsàn àti fanila mọ́lẹ̀, èéfín nìkan lá kù. Wísíkì tí kò léèéfín ló yẹ Coke. Tí ẹ bá tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, tí kò bá yín lára mu, ẹ fi ṣe ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ lálejò. Ní òòró ni kí ẹ gbé ìgò náà dúró sí, ẹ má fi dùbúlẹ̀ bíi wáìnì, torí irú ọtí líle bẹ́ẹ̀ máa ń jẹ kọ́ọ̀kì.