Sáà Miami Dolphins ti Ọdún 1972: Ṣé 14-0 Ni Ká Kà Ni, àbí 17-0?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Mo ń ṣe ètò eré ìdárayá lórí rédíò, mo sì fẹ́ sọ ìtàn Miami Dolphins ti ọdún 1972, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tí wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò nà ní odidi sáà kan. Ibì kan kọ 14-0, ibòmíràn kọ 17-0. Ibì kan ní Mercury Morris sáré 991 yáàdì, ibòmíràn ní 1,000 ni. Mo tún rí i pé ilé Pittsburgh Steelers ni wọ́n ti gbá eré tó ṣáájú àṣekágbá, èyí kò sì yé mi, nítorí èrò mi ni pé ẹgbẹ́ tí kò pàdánù rí ló yẹ kí wọ́n wá bá nílé. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń gbé ní Houston sì ní àwọn tí wọ́n nà lọ́dún náà kò lágbára. Kí ni kí n kà lórí afẹ́fẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò fi ní sọ pé irọ́ ni mo pa?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí ẹ tó gbé ètò náà jáde. Nọ́ńbà méjèèjì ló tọ̀nà. Ohun tí wọ́n ń kà ni kò dọ́gba. Ní ọdún 1972, eré líìgì 14 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbá ní NFL, ìyẹn líìgì àgbà bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, Miami sì borí nínú gbogbo wọn, láti ọjọ́ 17 oṣù Kẹsàn-án tí wọ́n lọ na Kansas City Chiefs 20-10 nílé wọn, títí di ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá tí wọ́n na Baltimore Colts 16-0. Ibi tí 14-0 ti wá nìyẹn: eré 14 tí wọ́n borí, òdo tí wọ́n pàdánù. Lẹ́yìn náà ni ìpele kòmẹsẹ̀-ó-yọ bẹ̀rẹ̀: wọ́n na Cleveland Browns 20-14 ní ọjọ́ tó ṣáájú Kérésìmesì, wọ́n na Pittsburgh 21-17 ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, wọ́n sì na Washington 14-7 nínú Super Bowl VII, àṣekágbá NFL, tí wọ́n gbá ní Los Angeles ní ọjọ́ 14 oṣù Kìíní ọdún 1973. Bí a bá fi eré mẹ́ta wọ̀nyí kún un, ó di 17-0. Tí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ tábìlì líìgì ni ẹ ń sọ, 14-0 ni kí ẹ kà. Tí ó bá jẹ́ gbogbo sáà títí dé ibi tí wọ́n ti gba ife, 17-0 ni.

Níbi tí ọ̀pọ̀ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ti ń ṣìnà ni ìfiwéra. New England Patriots ti ọdún 2007 borí nínú gbogbo eré líìgì wọn, 16-0, nítorí pé láti ọdún 1978 títí di 2020, eré líìgì 16 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbá ní NFL. Ṣùgbọ́n New York Giants na Patriots 17-14 nínú Super Bowl, gbogbo sáà wọn sì jẹ́ 18-1. Ẹni tó bá gbé 16-0 yìí sí ẹ̀gbẹ́ 14-0 ti Miami láìsọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn líìgì ti jẹ́ kí olùgbọ́ rò pé Patriots ló ṣe jù. Ẹ ṣọ́ ọdún pẹ̀lú: oṣù Kìíní 1973 ni wọ́n gba ife, àmọ́ sáà 1972 ni ife náà jẹ́ tirẹ̀, nítorí náà ẹ má ṣe pè wọ́n ní ẹgbẹ́ tó gba ife sáà 1973, pàápàá nígbà tí wọ́n tún gba ti sáà 1973 fúnra rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ sọ pé Miami ni “ẹyọ kan ṣoṣo” tó gba ife láìpàdánù rárá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi “nínú sáà NFL” tẹ̀ lé e. Chicago Bears parí líìgì láìpàdánù ní 1934 (13-0) àti ní 1942 (11-0), ṣùgbọ́n wọ́n pàdánù àṣekágbá nígbà méjèèjì, èkíní sọ́wọ́ New York Giants, èkejì sọ́wọ́ Washington. Cleveland Browns ti ọdún 1948 borí nínú eré líìgì 14, wọ́n sì borí nínú àṣekágbá, ṣùgbọ́n líìgì mìíràn tó ń jẹ́ AAFC ni wọ́n wà nígbà náà. Ìyàlẹ́nu ni bí àwọn ènìyàn ṣe ń gbàgbé Browns yìí, inú mi yóò sì dùn bí ẹ bá lè fún wọn ní gbólóhùn kan péré nínú ètò yín.

Ọ̀rọ̀ Pittsburgh ló gba àlàyé jù. Kí ó tó di ọdún 1975, NFL kì í wo iye eré tí ẹgbẹ́ kan borí kí wọ́n tó pinnu ilé ẹni tí wọn yóò ti gbá eré kòmẹsẹ̀-ó-yọ. Ńṣe ni wọ́n máa ń pín ààyè onílé kiri láàárín àwọn ìpín tó wà nínú líìgì, ìpín tí ó bá kàn lọ́dún kan ni ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò gba àlejò, ìbáà jẹ́ pé àlejò náà ló ṣe dáadáa jù. Lọ́dún 1972, àǹfààní náà bọ́ sọ́wọ́ Pittsburgh tí ó parí líìgì sí 11-3, Miami tí kò pàdánù rárá ló sì di àlejò ní pápá Three Rivers. Láti 1975 ni wọ́n ti ń to àwọn ẹgbẹ́ ní ìpele ìpele gẹ́gẹ́ bí iye eré tí wọ́n borí, tí ẹni tó wà lókè fi ń gbá bọ́ọ̀lù nílé. Nítorí náà, kò sí àṣìṣe nínú ìwé tí ẹ kà. Òfin òde òní ni ẹ fi wò ó.

Èrò tèmi ni pé eré Pittsburgh yìí gan-an ni ó yẹ kí ẹ fi ìṣẹ́jú tó pọ̀ jù sọ, ju Super Bowl lọ. Pittsburgh ń ṣíwájú 7-0 nígbà tí Larry Seiple, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti fi ẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù jìnnà fún àwọn alátakò nígbà tí Miami kò bá lè tẹ̀ síwájú mọ́, rí i pé àwọn Steelers ti kẹ́yìn sí òun, tí wọ́n ń sáré padà lọ dúró de bọ́ọ̀lù. Kò gbá a mọ́. Ó há a sí abíyá, ó sì sáré yáàdì 37 kí wọ́n tó wó o lulẹ̀. Láìpẹ́ sí ìgbà náà, Earl Morrall ju bọ́ọ̀lù sí Larry Csonka fún touchdown (ìyẹn ni kí wọ́n gbé bọ́ọ̀lù dé òpin pápá alátakò), eré sì di 7-7. Nígbà tí wọ́n padà láti ìsinmi, Pittsburgh tún ṣíwájú 10-7, akọ́nimọ̀ọ́gbá Don Shula sì mú Morrall jáde, ó fi Bob Griese rọ́pò rẹ̀. Griese ju bọ́ọ̀lù kan sí Paul Warfield tí ó gbé wọn síwájú ní yáàdì 52, lẹ́yìn náà ni Jim Kiick gbé bọ́ọ̀lù wọlé lẹ́ẹ̀mejì, eré di 21-10 kí Pittsburgh tó dín in kù sí 21-17.

Kí àwọn olùgbọ́ yín lè mọ bí ìpinnu Shula yẹn ti wúwo tó, ẹ ní láti sọ ìtàn Morrall fún wọn. Quarterback ni ẹni tí bọ́ọ̀lù máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí lọ́wọ́, tí ó ń pinnu bóyá òun yóò jù ú tàbí kí òun fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ kó sáré. Griese ni ó wà nípò náà nígbà tí sáà bẹ̀rẹ̀. Nínú eré karùn-ún, ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá, àwọn San Diego Chargers wó o, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì dá. Morrall tó wọlé rọ́pò rẹ̀ ti pé ọmọ ọdún 38, ẹni tí Baltimore fi sílẹ̀ tí Miami sì san 100 dọ́là péré láti mú. Òun àti Shula ti jọ wà ní Baltimore ní 1968, ọdún tí Morrall gba àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó pegedé jù ní NFL, tí New York Jets sì wá nà wọ́n 16-7 nínú Super Bowl III. Morrall ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo eré líìgì mẹ́sàn-án tó kù, àti ti Cleveland àti ti Pittsburgh, láìpàdánù kankan. Bí ẹ bá kàn sọ pé “Griese ló darí ẹgbẹ́ náà dé ife,” ẹ ti gba ẹ̀tọ́ ọkùnrin yìí lọ́wọ́ rẹ̀, ohun tí mo sì máa ń kọ̀ láti jẹ́ kí ó kọjá lórí tábìlì mi nìyẹn.

Nípa Mercury Morris, 1,000 ni kí ẹ kà. 991 ni ìwé fi hàn nígbà tí eré líìgì parí. Ṣùgbọ́n nínú eré kan pẹ̀lú Buffalo Bills, wọ́n ti yọ yáàdì mẹ́sàn-án kúrò nínú tirẹ̀ nítorí bọ́ọ̀lù kan tó já bọ́ sẹ́yìn. Nígbà tí líìgì tún fọ́nrán eré náà wò, wọ́n rí i pé ọwọ́ Morrall ni bọ́ọ̀lù náà ti já bọ́, kì í ṣe ọwọ́ Morris, wọ́n sì dá yáàdì mẹ́sàn-án náà padà fún un. Àtúnṣe kékeré yìí ló sọ òun àti Csonka, tí ó sáré 1,117, di àwọn méjì àkọ́kọ́ nínú ẹgbẹ́ kan náà tí wọ́n pé 1,000 yáàdì ní sáà kan. Ìwé tí ẹ ti rí 991 ni kò tẹ̀ lé àtúnṣe náà. Ẹ tún lè fi kún un pé yáàdì 2,960 ni gbogbo ẹgbẹ́ náà fi ẹsẹ̀ sá, iye tí ẹgbẹ́ kankan kò tíì dé ní NFL títí di ìgbà náà, àti pé ọdún 1972 yẹn ni líìgì sún àwọn ìlà kéékèèké inú pápá wọnú sí i, tí àyè fi gbòòrò sí i ní ẹ̀gbẹ́ fún àwọn tó ń sáré.

Ọ̀rẹ́ yín ní Houston kò purọ́. Nínú àwọn tí Miami bá pàdé ní líìgì, ẹgbẹ́ méjì péré ni eré tí wọ́n borí ju èyí tí wọ́n pàdánù lọ, Kansas City àti New York Giants, 8-6 sì ni àwọn méjèèjì parí sí. Eré mẹ́jọ nínú 14 ni Miami gbá pẹ̀lú àwọn mẹ́rin tí wọ́n jọ wà ní ìpín kan: Jets parí sí 7-7, Colts 5-9, Bills 4-9-1, Patriots 3-11. (Ọ̀mì ni nọ́ńbà kẹta ti Bills; ọdún 1972 náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀mì sí ìdajì ìborí àti ìdajì ìpàdánù.) Ṣùgbọ́n kò sí ẹgbẹ́ tó máa ń yan ẹni tí yóò bá pàdé, líìgì ló ń ṣètò rẹ̀. Àmì 385 ni Miami gbà, wọ́n sì fi 171 péré sílẹ̀. Àwọn ló ṣe dáadáa jù nínú gbogbo líìgì lọ́nà méjèèjì. Ìgbà mẹ́ta ni alátakò kò rí àmì kankan gbà lọ́wọ́ wọn, títí kan ti Patriots tí wọ́n nà 52-0. Àwọn mẹ́ta tí wọ́n wá pàdé lẹ́yìn líìgì kì í ṣe ẹran ọdẹ: Cleveland parí sí 10-4, Pittsburgh àti Washington sí 11-3. Miami fi àmì mẹ́fà borí èkíní, mẹ́rin borí èkejì, méje borí ẹ̀kẹta. Mo gbà pé ọ̀nà wọn rọ̀ ní líìgì. N kò gbà pé ó dín iyì ife náà kù, torí àwọn alágbára mẹ́ta yìí ni wọ́n tò lé ara wọn, wọ́n sì nà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Nínú ọ̀rọ̀ Super Bowl fúnra rẹ̀, ẹ ṣọ́ra fún gbólóhùn kan. Ọ̀pọ̀ máa ń sọ pé àwọn olùgbèjà Miami jẹ́ kí Washington gba touchdown kan. Kò rí bẹ́ẹ̀. Miami ń ṣíwájú 14-0 nígbà tí Garo Yepremian fẹ́ fi ẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù gba àárín òpó kọjá, Bill Brundige ti Washington sì dí i. Bọ́ọ̀lù fò padà sọ́wọ́ Yepremian, ó gbìyànjú láti jù ú, ó yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, Mike Bass gbà á nínú afẹ́fẹ́, ó sì sáré yáàdì 49 wọlé nígbà tí ó ku ìṣẹ́jú méjì àti ìṣẹ́jú àáyá méje. Àwọn olùgbèjà tí Bill Arnsparger kọ́, tí Nick Buoniconti jẹ́ balógun wọn, kò sí nínú pápá nígbà náà. Àwọn kò jẹ́ kí Washington gba àmì kankan. Jake Scott, ọ̀kan nínú wọn, ló gba àmì-ẹ̀yẹ ẹni tó pegedé jù lọ́jọ́ náà, nítorí ó já bọ́ọ̀lù Washington gbà lẹ́ẹ̀mejì.

Bí olùgbọ́ kan bá pè láti béèrè ìgbà tí wọ́n pàdánù lẹ́yìn náà, ẹ sọ fún un pé wọ́n na San Francisco 49ers 21-13 nínú eré àkọ́kọ́ sáà 1973, iye eré tí wọ́n borí léraléra sì di 18, kí Oakland Raiders tó nà wọ́n 12-7 nínú eré kejì ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án. Ó ṣeé ṣe kí ó rí 18 yìí níbì kan kí ó sì rò pé ó ta ko 17. Eré sáà kejì ló wà nínú rẹ̀.