Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ṣé iṣẹ́ ẹnjiníà ló sọ Arẹ́gbẹ́ṣọlá di gómìnà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà, ṣùgbọ́n ó ní òṣèlú lòun yóò ṣe gẹ́gẹ́ bí Ọ̀gbẹ́ni Ràúfù Arẹ́gbẹ́ṣọlá. Ǹjẹ́ iṣẹ́ yẹn ló gbé e dé ipò gómìnà àti mínísítà lóòótọ́?
– Ìyá Akẹ́kọ̀ọ́, Òkè-Fìà, Òṣogbo

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, iṣẹ́ náà ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò dá a ṣe. Ìmọ̀ ẹ̀rọ ni Arẹ́gbẹ́ṣọlá kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe ìlú Ìbàdàn, tí ó sì jáde ní ọdún 1980. Àmọ́ kí ó tó gba ìwé ẹ̀rí ló ti jẹ́ olórí ilé aṣòfin àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀.

Lójú tèmi, Èkó ni ẹnjiníà inú rẹ̀ ti hàn jù. Nígbà tí Bọ́lá Tinúbú di gómìnà ní 1999, òun ni ó fi ṣe kọmíṣánnà fún iṣẹ́ òde, ipò tí ẹni tí ó bá wà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ lè ka àwòrán ọ̀nà àti afárá fúnra rẹ̀, bí kò bá fẹ́ kí agbaṣẹ́ṣe tan òun jẹ. Ibẹ̀ ni ó wà títí ó fi wá du ipò gómìnà Ọ̀ṣun ní oṣù kẹrin 2007. Wọ́n kéde pé Ọlágúnsóyè Oyinlọlá ló wọlé, Arẹ́gbẹ́ṣọlá gba kóòtù lọ, ó sì ju ọdún mẹ́ta lọ kí ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Ìbàdàn tó dá a láre ní ọjọ́ 26 oṣù kọkànlá 2010. Ìfaradà olóṣèlú nìyẹn. Wọn kì í kọ́ ọ ní kíláàsì ẹnjiníà.

Ọdún mẹ́jọ ni ó fi ṣe gómìnà. Ilé-ẹ̀kọ́ girama ńlá ti ìjọba ní Òṣogbo yìí àti ọgbà ìgbafẹ́ tí ó wà ní Old Garage wà lára ohun tí ó kọ́. Bí owó epo ṣe já wálẹ̀, tí gbèsè sì ti wà lọ́rùn ìpínlẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ tí ó wà ní ìpele kẹjọ sókè bẹ̀rẹ̀ sí í gba àbọ̀ tàbí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin owó oṣù wọn láti 2015. Ẹ̀yin ará Òṣogbo mọ ìyókù.

Ẹ sọ èyí fún ọmọ náà pẹ̀lú: nígbà tí Ààrẹ Buhari yan àwọn mínísítà ní oṣù kẹjọ 2019, ọ̀rọ̀ abẹ́lé, ìyẹn ọgbà ẹ̀wọ̀n, ìwé ìrìnnà àti panápaná, ni ó fún ẹnjiníà yìí títí di 2023. Babátúndé Fáṣọlá, tí í ṣe agbẹjọ́rò àgbà, ni ó fún ní iṣẹ́ òde.