Kálàmù tí yóò kọ Yorùbá tòun ti àmì rẹ̀

Àbúrò mi tí ẹ béèrè nípa kálàmù oníyíǹkì (fountain pen) tí ẹ̀yin ọmọ fẹ́ dáwó rà fún Bàbá yín, ẹ kú ìtọ́jú òbí. Ẹ ní Bàbá ti pé àádọ́rin ọdún, wọ́n ti fẹ̀yìn tì, ìtàn ìdílé yín ni wọ́n sì ń fọwọ́ kọ ní Yorùbá. Ẹ ní owó wà nílẹ̀, kí a ṣáà dárúkọ èyí tó dára jù. Iṣẹ́ kan náà tí Bàbá ń ṣe ni èmi náà ń ṣe níbí, ní Ìta-Ẹ̀kọ́ l'Abẹ́òkúta, láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn: èmi ni akọ̀wé ìpàdé ẹbí wa. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi ti rí.

Àmì ni kí ẹ kọ́kọ́ rò. Àwọn tó ń yin kálàmù lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀, torí èdè tiwọn kò ní àmì orí àti àmì ìsàlẹ̀ bíi tiwa. Kálàmù àkọ́kọ́ tí mo fi owó gidi rà, ẹnu rẹ̀ fẹ̀, ó ń yọ̀ lórí ìwé bí ẹni fi epo sí i, inú mi sì dùn sí i gan-an. Ìgbà tí a jókòó ìpàdé, mo ka ibi tí mo kọ ọ́ sí pé baba ńlá wa gbé ọ̀kọ̀ lọ sójú ogun Dàhòmì ní 1851. Èmi mọ ohun tí mo kọ, mo kà á bó ṣe yẹ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gba ìwé náà kà lẹ́yìn mi, ó pè é ní ọkọ̀. Mo gba ìwé padà, mo wò ó dáadáa: yíǹkì ti kún "ọ" àkọ́kọ́, àmì orí rẹ̀ ti wọnú lẹ́tà, kò sí ẹni tó lè rí i mọ́. Ẹni tí kò gbọ́ ìtàn yẹn rí yóò gbà pé ọkọ̀ ni wọ́n wọ̀ lọ bá àwọn ará Dàhòmì jà. Bí mo bá ti kú ńkọ́, ta ni yóò tún un ṣe fún wọn? Ojúewé mẹ́rìnlélógójì ni mo tún kọ.

Ìyá mi ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ ní Ìtòkú. Ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n fi ń ya ẹ̀kọ sára aṣọ, èyí tí ẹnu rẹ̀ bá sì ti bú, wọ́n á sọ ọ́ nù, torí ìlà wẹ́wẹ́ kò ní jáde níbẹ̀ mọ́. Bí kálàmù ẹni tó ń kọ Yorùbá ṣe gbọ́dọ̀ rí nìyẹn: ẹnu tẹ́ẹ́rẹ́. Lẹ́tà EF (tẹ́ẹ́rẹ́ jù), F (tẹ́ẹ́rẹ́) tàbí M (àárín) tí ẹ ó rí lára rẹ̀ kì í ṣe ìwọ̀n kan náà níbi gbogbo o. M àwọn ará Japan sábà máa ń sún mọ́ F àwọn ará Jámánì. Nítorí náà, Japan ni kí ẹ kọjú sí, kí ẹ sì mú F.

Wúrà ló máa ń kó sí àwọn èèyàn lójú. Káráàtì ni wọ́n fi ń wọn bí wúrà ṣe pọ̀ tó: ẹnu kálàmù Pelikan M800 jẹ́ káráàtì 18, ti Pilot Custom 823 jẹ́ 14, Sailor ń ṣe ti 21. Kò túmọ̀ sí pé 21 kọ̀wé ju 14 lọ. Wúrà dára torí pé yíǹkì kì í jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ṣóńṣó tó ń kan ìwé gan-an kì í ṣe wúrà, irin líle mìíràn ni wọ́n jó mọ́ ọn. Ẹnì kan ní Èkó ta ọ̀kan fún mi, orúkọ ńlá wà lára rẹ̀, ó ń dán yanran. Kò pé oṣù kan tí àwọ̀ wúrà tí wọ́n fi bo ẹnu rẹ̀ fi bó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ibi tí yíǹkì ń gbà, irin funfun yọ lábẹ́. Mo mú òòfà tí mo tú lára sípíkà rédíò kàn án, ó lẹ̀ típẹ́típẹ́. Wúrà kì í lẹ̀ mọ́ òòfà. Mo pe ẹni náà títí, kò gbé fóònù mi mọ́. Ẹ rà á lọ́wọ́ ẹni tí ilé iṣẹ́ fọwọ́ sí, kódà bó bá gba kí ẹbí tó wà lókè òkun bá yín gbé e wálé.

Èyí tí mo ń lò báyìí ni Pilot Custom 823, òun ni mo sì máa rà fún Bàbá. Ó tóbi lọ́wọ́, kò sì wúwo, ìyẹn sì dára fún ìka àgbà. Ẹ ó fa ọ̀pá ìdí rẹ̀ jáde, ẹ ó ti ẹnu rẹ̀ bọ yíǹkì, bí ẹ bá ti ọ̀pá náà wọlé báyìí, yíǹkì á rọ́ kún un. Yíyí ìdí rẹ̀ pa ló ń dí ọ̀nà yíǹkì. Bí Bàbá bá ń kọ ojúewé púpọ̀, kí wọ́n tú u díẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò gbẹ mọ́ wọn lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n á sì rò pé ó ti bàjẹ́. Bí wọ́n bá ń gbé e jáde, kí wọ́n yí i pa. Mo ti fi kálàmù mìíràn tí yíǹkì rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ sínú ọkọ̀ ní Kútọ̀ lọ́sàn-án gangan rí. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ gbóná, ó fẹ̀, ó ti yíǹkì jáde. Mo fi í sápò láìmọ̀, agbádá funfun yẹn kò mọ́ títí dòní.

Bó bá jẹ́ pé Bàbá lè fi í sílẹ̀ fún oṣù kan kí wọ́n tó tún kọ̀wé, Platinum 3776 Century ni kí ẹ rà. Ìdérí rẹ̀ kì í jẹ́ kí yíǹkì gbẹ, kódà nígbà ọyẹ́. Kò sì wọ́n tó 823.

Ẹ má ra yíǹkì tí omi ń fọ̀. Òjò jò sórí ìwé mi lọ́dún kan, ojúewé mẹ́fà di omi aró lásán. Yíǹkì tí omi kò lè fọ̀ ni kí ẹ wá, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún kálàmù yìí. India ink, yíǹkì dúdú tí àwọn ayàwòrán ń lò, yóò dí i pa.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ mú ìwé tí Bàbá ń fi bíírò kọ, kí ẹ fi ìka pa ẹ̀yìn ojúewé rẹ̀. Bí ẹ bá ń mọ lẹ́tà lábẹ́ ìka, ọwọ́ wọn le. Ọmọ mi gba tèmi fi buwọ́ lùwé lẹ́ẹ̀kan péré, ó tẹ̀ ẹ́ bíi bíírò, ẹnu wúrà yẹn là sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ kọ́kọ́ ra kálàmù Lamy Safari tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ irin fún wọn, kí wọ́n lò ó bí oṣù méjì, kí ẹ sì tún fi ìka pa ẹ̀yìn ìwé náà wò. Ọjọ́ tí ó bá ti ń dán lábẹ́ ìka ni kí ẹ gbé 823 fún wọn.