Kí ni ìdí tí wọ́n fi ń túfọ̀ fún oyin?

Òǹkàwé kan béèrè ìtumọ̀ àṣà tí ó bá pàdé nínú "Telling the Bees", ewì tí akéwì ará Amẹ́ríkà, John Greenleaf Whittier, tẹ̀ jáde ní ọdún 1858, níbi tí ọmọ ọ̀dọ̀ kan ti ń kọrin ikú sí etí àwọn kòkòrò oyin. Ó ní ṣé òrìṣà ni oyin lọ́dọ̀ wọn ni.

Oyin kì í ṣe òrìṣà fún wọn. Ará ilé ni. Láyé àtijọ́, ní ìgbèríko New England ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn tí ó ṣí wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé àṣà náà dé, bí ẹnìkan bá kú nínú ilé, wọ́n gbọ́dọ̀ lọ túfọ̀ fún àwọn oyin tí wọ́n ń sìn, kí wọ́n sì fi aṣọ dúdú bo ilé wọn, nítorí ìgbàgbọ́ wọn ni pé oyin tí a kò bá sọ fún yóò ṣí lọ wá ibùgbé mìíràn. Àṣà náà kò tíì parẹ́ tán: nígbà tí Ọbabìnrin Elizabeth Kejì wàjà ní ọdún 2022, olùtọ́jú oyin ààfin so ríbọ́ọ̀nù dúdú mọ́ ilé wọn, ó sì rọra sọ fún wọn pé ọ̀gá wọn ti lọ.

Oko tí wọ́n bí Whittier sí ní Haverhill, Massachusetts, ní ọdún 1807, ni ó yà sínú ewì náà. Àwọn kan máa ń sọ pé ìsinmi lẹ́yìn ogun ni irú ewì oko bẹ́ẹ̀ jẹ́ fún un, nítorí ọmọ ìjọ Quaker yìí wà lára àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ tí ó ń gbógun ti ìkónilẹ́rú sílẹ̀ ní Philadelphia ní ọdún 1833, àwọn jàǹdùkú sì dáná sun gbọ̀ngàn tí ọ́fíìsì ìwé ìròyìn rẹ̀ wà ní ọdún 1838. Èmi kò gbà pẹ̀lú wọn: ní ọdún 1858, ó ṣì ku ọdún méje kí òfin Amẹ́ríkà tó fòpin sí oko ẹrú, Whittier kò sì tíì gbé kálàmù sílẹ̀.

Nínú ewì náà, ọkùnrin kan ń bọ̀ wá kí olólùfẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn oṣù kan. Ó rí aṣọ dúdú lára ilé oyin, ó sì rò pé bàbá àgbà ilé náà ni ó ti sùn, àfi bí ó ṣe rí i tí bàbá náà jókòó sí ẹnu ọ̀nà, tí ó gbé àgbọ̀n lé ọ̀pá. Ìgbà náà ni orin ọmọ ọ̀dọ̀ náà tó yé e. Ó kọ́kọ́ ń bẹ àwọn oyin pé kí wọ́n dúró sílé, kí wọ́n má fò lọ, lẹ́yìn náà ni ó dárúkọ ẹni tí ó kú: Mary, olólùfẹ́ ọkùnrin náà.